Ẹ̀kọ́ Kẹ́místírì: Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni àwọn ilé-ìwé wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, tí àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì SS1 yóò sì yan ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ kọ́. Ẹni tí ó bá yan sáyẹ́ǹsì nínú wọn kò lè ṣàì pàdé kẹ́místírì. Ọmọ tí ó ń lálàá pé òun yóò di dókítà, apòògùn, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò lè gba ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ yìí kọjá. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọlé, ilé-ìwé a fún òbí rẹ̀ ní ìwé tí a to iye owó àti orúkọ ìwé kíkà sí. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo rẹ̀, èyíinì ni ìwé tí yóò sọ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ọmọ, ohun tí ọmọ lè retí lọ́wọ́ olùkọ́, àti ohun tí olùkọ́ lè retí lọ́wọ́ òbí àti ìjọba, ó ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Èrò tiwa ni pé ó tó àkókò kí gbogbo ilé-ìwé girama àgbà ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ́yìn náà, máa fi ìlànà ẹ̀kọ́ kẹ́místírì lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A sì fẹ́ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìlànà náà jẹ́ èyí: láti sáà kìíní SS1 ni ọmọ yóò ti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ìdánwò bá kan ilẹ̀kùn.

Kí ni ó dé tí a fi dárúkọ Ilé-Ifẹ̀ ṣáájú? Nítorí pé ìlú yìí kò lè sọ pé àjèjì ni ìmọ̀ yìí jẹ́ sí òun. Ní Igbó Olókun, ní apá àríwá ìlú, àwọn baba ńlá wa ń yọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé ibẹ̀, ó sì ròyìn àwọn ìkòkò ìyọ́gíláàsì tí ó rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn kan ń sọ pé láti òkè òkun ni gíláàsì náà ti wá, pé iṣẹ́ tiwa kò ju kí a tún un yọ́ lọ. Ọmọwé Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ilẹ̀ náà wà, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, wọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2017. Kẹ́místírì ni ó parí àríyànjiyàn náà. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì wò, calcium àti aluminium pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò bá ti ilẹ̀ mìíràn mu. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ní ọ̀nà ìṣegíláàsì tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn orí tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Bàbà kì í yọ́ títí iná yóò fi mú un gbóná dé ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀ kò rí ìwé kà. Ẹ̀gbẹ́ iná ni ó ti kọ́ ọ, lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ń wo àwọ̀ iná, ó ń bàjẹ́, ó sì ń tún un ṣe. Àwọn ìyá wa tí ń po ọṣẹ dúdú, tí wọ́n ń sun èèpo kòkó di eérú, tí wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń sè é pọ̀ mọ́ àdín, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kọ́ ọ. Ọ̀nà náà ni aláró gbà mọ̀ pé bí omi eérú kò bá kan ẹ̀lú bí ó ti yẹ, aṣọ kò ní mu aró. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Kí ni a wá ń ṣe lónìí? A kò wá bú àwọn olùkọ́. Àwa náà ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí, a sì mọ bí kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́ ti ń rẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n òótọ́ kò ṣeé fi pamọ́. Nínú ilé-ìwé púpọ̀, ọmọ a máa ka orúkọ ogún èròjà àkọ́kọ́ bí ẹni ń ki oríkì, láti hydrogen títí dé calcium, láì tíì fojú kan mẹ́ta nínú wọn. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọ̀ báyìí ni yóò yọ, pé òórùn báyìí ni yóò jáde, nítorí pé olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó. Ilẹ̀kùn yàrá ìṣàyẹ̀wò wà ní títì pa. Ó di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìdánwò kí a tó wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí a tó nu eruku orí burette, kí a sì tó kó ọmọ tí ó ti lo ọdún mẹ́ta wọlé pé kó wá kọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta.

Àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nínú ìdánwò kẹ́místírì, ìwé kìíní tí ó jẹ́ ìbéèrè àádọ́ta aláṣàyàn ní máàkì 50, ìwé kejì tí a ń kọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní 100, ìwé kẹta tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ sì ní 50. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni èyí jẹ́. Ta ni àgbẹ̀ tí yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin oko rẹ̀ sílẹ̀ láì ro, tí yóò sì máa retí ìkórè tí ó kún?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe máàkì nìkan ni ó ń dùn wá. Ìwà tí a ń fi kọ́ ọmọ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ titration, tí gbogbo olùkọ́ kẹ́místírì mọ̀ dunjú. Ọmọ yóò fi pipette fa 25 cm³ alkali sínú ìgò, yóò kán èròjà atọ́ka sí i, yóò sì jẹ́ kí ásíìdì máa kán bọ́ láti inú burette títí àwọ̀ yóò fi yí padà. Bí ó bá jẹ́ methyl orange ni ó lò, àwọ̀ ìyeyè ni yóò kọ́kọ́ rí, kí ó tó di àwọ̀ ọsàn. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni ó wà láàárín iṣẹ́ rere àti àṣejù. Ó ní láti tún un ṣe, kí ó sì tún un ṣe, títí iye tí ó ń kà yóò fi bá ara wọn mu. Sùúrù àti òtítọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ ìdánwò, olùkọ́ a máa ṣe é fúnra rẹ̀, a sì máa fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ àwọn ilé-ìwé wa pé níbòmíràn iye olùkọ́ yìí a ti máa rìn láti ìjókòó dé ìjókòó kí ọmọ tó fọwọ́ kan burette. Ọmọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò yí nọ́ńbà ìkẹyìn padà díẹ̀ kí ó má baà jọ ti ẹnìkejì, yóò sì yege.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ro ibi tí ọ̀nà yìí já sí. Ọmọ tí ó kọ iye sílẹ̀ láì wo burette lónìí ni yóò di ẹni tí yóò buwọ́ lu ìwé pé òun ti yẹ oògùn wò, láì yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ìparí ọdún 2008 títí wọ ọdún 2009, oògùn eyín ọmọdé kan tí a pò ní orílẹ̀-èdè yìí pa ọmọ tí kò dín ní 84. Èròjà olóró tí a ń pè ní diethylene glycol ni ó wọ inú rẹ̀. Àyẹ̀wò kẹ́místírì ni ó ń ya èròjà náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò léwu. Ìyá tí ó ra oògùn náà kò mọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò, ni àṣìṣe wà. Láti inú kíláàsì ni a ti ń tọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ní rere tàbí ní búburú.

Nítorí náà ni a fi to àwọn ìlànà wọ̀nyí sílẹ̀, kí àwọn olùkọ́ fi tiwọn kún un bí ipò ilé-ìwé wọn bá ti rí.

Èkínní, kí iṣẹ́ ọwọ́ ní àkókò tirẹ̀ lórí tábìlì ìgbà ẹ̀kọ́, ìgbà méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a má sì gbà á fún ìpàdé tàbí eré ìdárayá. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan má ju ọmọ mẹ́rin lọ. Bí kíláàsì bá pọ̀ jù, kí a pín in sí méjì, kí apá kan ṣe iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí èkejì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí olùkọ́ sì ṣọ́ra, kí ó má jẹ́ pé ọmọkùnrin ni yóò máa di burette mú, tí ọmọbìnrin yóò máa ṣe akọ̀wé fún un. Àwọn obìnrin ni wọ́n ni iṣẹ́ ọṣẹ àti aró ní ilẹ̀ yìí. Kò sí ìdí tí a ó fi sọ ọmọ wọn di òǹwòran nínú ilé kẹ́místírì.

Èkejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́, ète iṣẹ́, ohun tí ó ṣe, ohun tí ó rí, àti ìtumọ̀ rẹ̀. Inú yàrá ìṣàyẹ̀wò ni kí ó ti kọ ọ́, kì í ṣe ilé. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kí ó fa ìlà kan já a, kí ó má pa á rẹ́. Kí olùkọ́ máa fún ẹni tí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní máàkì, bí kò tilẹ̀ bá ti ìwé mu, kí ó sì bi í léèrè ohun tí ó fà á. Nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Ẹni tí ó bá sì jí iye ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ, òdo ni kí ó gbà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ààbò. Igi gańgan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ọmọ má wọ yàrá ìṣàyẹ̀wò láìsí olùkọ́. Kí ó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó di irun rẹ̀, kí ó sì fi awò ìdáàbòbò bo ojú. Kí ó má jẹun níbẹ̀, kí ó má tọ́ nǹkan kan wò, kí ó má sì fi ẹnu fa pipette bí ó ti wù kí ó rí; róbà tí a fi ń fà á kò wọ́n. Nígbà tí a bá fẹ́ la sulphuric acid, inú omi ni a ń da ásíìdì sí díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi sínú ásíìdì, nítorí pé ooru tí yóò ti ibẹ̀ jáde lè mú kí ó hó, kí ó sì ta sí ojú ẹni. Bí nǹkan bá ta sí ara, omi púpọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí a tó máa wá ẹni tí ó jẹ̀bi. Yàrá tí kò ní omi, kò yẹ kí a pè é ní yàrá ìṣàyẹ̀wò.

Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní bí a ó ti pín máàkì: mélòó ni ti ìdánwò sáà, mélòó ni ti iṣẹ́ àṣetiléwá, mélòó ni ti iṣẹ́ ọwọ́. Kí ó máa dá iṣẹ́ tí ó bá gbà padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ọmọ tó gbàgbé ohun tí ó kọ. Ọmọ tí àìsàn bá dè mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ mìíràn ṣe é. Kí a má sì sáré kọjá lórí ìṣirò mole, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń jábọ́. Ẹni tí kò bá dá a mọ̀ ní SS1, ìgbà tí ó bá dé SS3 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ti èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, a kò sì sọ pé kí a yí i padà lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí òfin ọgbọ́n tí ó ní kí olùkọ́ má ṣàlàyé lédè Yorùbá nígbà tí ojú ọmọ bá ṣú. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí ó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àti nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀bá ilé wa ni a ti rí ẹ̀rí yìí. Kí olùkọ́ kọ orúkọ èròjà bí àjọ ìdánwò ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi omi eérú ṣàlàyé alkali, kí ó sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣàlàyé ásíìdì.

Ẹ̀kẹfà ni ti òbí. Kí òbí fọwọ́ sí ìlànà náà, kí ó sì máa béèrè ìwé iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣooṣù, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Bí ojú ewé bá ṣófo, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò babaláwo. Kí ó sì kọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó san owó tí a kò fún ní ìwé ẹ̀rí, pé kí a lè “ran ọmọ lọ́wọ́” nínú ìdánwò. Òbí tí ó san irú owó bẹ́ẹ̀ ti ra òfìfo fún ọmọ rẹ̀.

A mọ èsì tí yóò jáde: owó kò sí. Èsì náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ wà tí àìlówó kò lè dí wa lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé òdòdó ìṣápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe zobo, jẹ́ èròjà atọ́ka tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Bí a bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò pọ́n yòò. Bí a bá da omi eérú sí i, yóò di bí ewéko. Ọmọ SS1 lè fi í yẹ ohun mẹ́wàá wò lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú iye owó tí kò tó nǹkan. Ògùrọ̀ tí ń kan, ṣíṣe ọṣẹ dúdú, irin tí ń dípẹtà nínú omi àti èyí tí a fi òróró pa lára, gbogbo wọn ni kẹ́místírì.

Síbẹ̀, kí àwọn aláṣẹ má fi zobo bojú. Zobo kò lè rọ́pò òṣùwọ̀n tí ó péye, burette tí kò jò, omi ẹ̀rọ, gáàsì àti aṣèrànwọ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2013, ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà, ẹ̀rọ tí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Ìwé dára, ìbéèrè àtijọ́ sì dára. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ kì í yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá kán sí i.

A ń bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Kí ó rán àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ jáde láti ka iye yàrá ìṣàyẹ̀wò tí ó ń ṣiṣẹ́, kí ó sì gbé àbájáde náà síta fún gbogbo ènìyàn. Kí ilé-ìwé tí kò ní yàrá tí ó péye lè máa lo ti ilé-ìwé tí ó sún mọ́ ọn, ní ọjọ́ tí a bá yàn. Kí owó èròjà kẹ́míkà sì máa dé ọwọ́ ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kì í ṣe ní àsìkò ìdánwò. A tún ń ké sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962, tí ó sì kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Kì í ṣe ohun tí ó bójú mu kí ilé ìmọ̀ tí ó ní ẹ̀ka kẹ́místírì àti ti ìpoògùn wà lórí òkè, kí ọmọ tí ń gbé ìsàlẹ̀ òkè náà má tíì fojú kan burette. Ọjọ́ Sátidé kan lóṣù, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá wá ran àwọn olùkọ́ girama lọ́wọ́, yóò ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ẹ̀yin olóṣèlú àti ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, Olóyè S. O. Awókòyà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà láti inú kíláàsì kí ó tó dé orí àga. Nítorí náà, nígbà tí olùdíje bá wá sí àdúgbò yín pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ilé-ìwé girama mélòó ní ẹkùn rẹ ni omi ń ṣàn nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò wọn? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí ó lọ wò ó kí ó tó padà wá.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìjọba nìkan kò lè ṣe é, olùkọ́ nìkan kò sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlànà tí a kọ sílẹ̀, tí gbogbo wa sì fọwọ́ sí, yóò jẹ́ kí ẹni tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ hàn gbangba. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé wa. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà.